Wàrà Mẹ́ta Lórí Afurasí

Bàbá mi ní òfin kan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu lórí ẹni tó ń gbọ̀n, tàbí ẹni tó ń purọ́ nípa ibi tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n pa olóògbé, nítorí kò sí ẹni tí kì í purọ́ nínú ìwé. Wọ́n ní, "Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ ni kó o la ojú ẹ. Ẹni tí kò bá jẹun ni kó o wò." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún báyìí, mo ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Ìkòsì, àwọn ọmọ iléèwé sì máa ń sọ láàárín ara wọn pé ojú mi ti mú jù. Ojú mi mú lóòótọ́. Mo jókòó ti bàbá mi nídìí tábìlì kan náà ní gbogbo Sátidé fún oṣù mẹ́jọ, wọn ò fi nǹkan kan kan ẹnu, mi ò sì rí i.

Sípíríìnì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń tà ní Owódé Onírin. Láàárín oníbàárà kan sí èkejì, wọ́n á jókòó sórí táyà, wọ́n á ṣí ìwé. Ìwé àlòkù ni gbogbo rẹ̀, òmíràn ò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, kò sì sí èyí tí ọ́ìlì dúdú ò fi ipa ìka wọn sí. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, wọ́n á gbé ìwé náà wá sílé wa ní Kétu, wọ́n á sì kà á fún ìyá mi àti èmi. Ìyá mi ò kàwé. Èdè Òyìnbó ni bàbá mi ń fi ojú kà, Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu wọn, kì í sì í sí ìdúró láàárín méjèèjì. Títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún èèyàn láti ṣe nìyẹn.

Àwọn tó wà nínú ìwé yẹn fẹ́ràn oúnjẹ ju òkú lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á dé ilé tí wọ́n ti pa èèyàn, kò ní lọ wo òkú, yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n sè. Ìyá mi á ní, "Kí ni wọ́n fún un?" Bàbá mi á ní búrẹ́dì àti wàrà òyìnbó ni. Lọ́jọ́ kan, ìwé ṣàlàyé pé wàrà náà ti bu, pé ara rẹ̀ ti di búlúù, pé òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀, síbẹ̀ ọkùnrin náà ń jẹ ẹ́, ó ń pa ojú dé. Ìyá mi ju iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ẹ má wá ẹni tó pa ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ́ o," ni wọ́n wí. "Oúnjẹ ilé yẹn ló pa á."

Ní tiwa, wàrà tiwa là ń jẹ sí i. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí bàbá mi, wàrà ni wọ́n sì fi já wọn lẹ́nu ọmú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n fi ewé bòmùbòmù dì dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kánjú ṣe. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni pupa, èyí tí wọ́n fi poporo ọkà bàbà sè títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, kọ́kọ́ ní gbogbo rẹ̀ ń rùn màlúù. Nígbà tó yá, àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ìkòkò. Ti bàbá mi kò ju ọ̀kan lọ: èyí tó le, tí wọ́n tẹ̀ dáadáa kí omi rẹ̀ lè ro tán, tí wọ́n wá dín pẹ̀lú iyọ̀ àti ata títí tó fi ń han lábẹ́ eyín. Èyí tó rọ̀, tí wọn ò tíì tẹ̀, tó ṣì ń mì nínú omi rẹ̀, wọn kì í fẹ́ rí i. Oúnjẹ àwọn tí kò ní eyín ni wọ́n ń pè é.

Owó oṣù mi àkọ́kọ́, mo lọ ra wàrà òyìnbó gidi fún wọn, èyí tó wà nínú páálí róbótó, tí wọ́n fi bébà dídán wé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bu díẹ̀ jẹ, wọ́n sì tẹjú mọ́ mi. "Ọmọ mi, ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe ọṣẹ ni wọ́n tà fún ẹ?" Wọ́n jẹ páálí náà tán fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé èmi ni mo rà á, wọ́n sì ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan bíi hóró oògùn. Lẹ́yìn ìyẹn, tí wàrà òyìnbó bá tún yọjú nínú ìwé, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ọṣẹ ti dé o."

Mi ò mọ ìdílé mìíràn tó ń ṣe ohun tí àwa ń ṣe. Tí ìwé bá ku orí kan, bàbá mi á fi róbà de orí yẹn, wọn ò ní kà á, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé náà. Ní Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, a ó kọ orúkọ àwọn afurasí sórí bébà pélébé, a ó tò ó sórí tábìlì. Wàrà díndín mẹ́ta-mẹ́ta ló kan oníkálùkù. Ẹni tó o bá fura sí, orí orúkọ rẹ̀ lo máa gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé. Bàbá mi á wá tú róbà, wọ́n á ka orí ìkẹyìn. Ẹni tó bá mọ apànìyàn ló máa kó gbogbo wàrà. Ẹni tó bá kùnà á káwọ́ gbera, á máa wo ẹni tó borí bó ṣe ń jẹun, kò sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Tí gbogbo wa bá kùnà, aládùúgbò la máa gbé e fún.

Bàbá mi ló sábà máa ń borí. Nígbà tí wọ́n bá ń kàwé lọ, tí wọ́n bá ti mú apànìyàn lọ́kàn wọn, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù ṣe àmì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, wọn ò ní sọ fún wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó wàrà tán ni wọ́n á tó ṣí ojú ìwé náà, kí n má bàa sọ pé wọ́n méfò. "Wò ó. Ojú ìwé kọkànlélógójì. Obìnrin yìí bu ọbẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kò bu fún ara ẹ̀." Inú máa ń bí mi. Mo fẹ́ borí wọn ju bí mo ṣe fẹ́ jẹ wàrà lọ.

Ìyá mi kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo rò pé ìwé kíkà á dópin, àmọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi fóònù mi pé ṣé mi ò ní wá ni, ìwé ti wà nílẹ̀. Mo lè ka èdè Òyìnbó fúnra mi dáadáa, òun ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀ wọ́n ń bá a lọ láti máa sọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò sì ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n bá kà á lọ́nà mìíràn, ó máa hàn pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, mi ò fúnra mi ṣí ìwé kankan wò rí. Ẹnu bàbá mi nìkan ni mo gbọ́kàn lé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé wàrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn lé orí ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà, ẹni tí wọ́n ti sin láti orí kẹta.

Mo ní, "Dádì! Òkú lẹ fura sí?"

"Òkú náà lè ṣe é."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo kó wàrà mẹ́fà síwájú, mo sì jẹ ẹ́ lójú wọn, mo ń lá ìka. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún méje kan ni wọ́n fura sí. Oṣù kẹta, dókítà tó wà ní ìlú mìíràn. Nígbà méjì tí èmi náà kùnà, aládùúgbò ló jẹ ẹ́, wọ́n sì dúpẹ́ gan-an. Ìgbà tó kù, èmi ni. Mi ò tíì borí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó sì ń pa mí bí ọtí. Mo sọ fún wọn pé ọpọlọ wọn ti dípẹtà bí irin Owódé. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ lé àgbọ̀n, wọ́n sì ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun.

Àwọn Sátidé tí kò sí ìdíje, tí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọ́n á ní, "Mo ti jẹun kó o tó dé." Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ààwẹ̀ ni wọ́n wà. Ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún parí, ọlọ́jọ́ méje tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti àwọn bàbá ìjọ. Wọ́n rù. Mo rí i pé wọ́n rù, ojú mi ò fọ́. Àmọ́ ní àdúgbò wa, ta ni kì í gbààwẹ̀? Bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bá rù, àmín ni wọ́n máa ń ṣe sí i. Mo tiẹ̀ ń fi wọ́n yangàn fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, pé bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ṣì lágbára àdúrà.

Èmi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo sì dé ibi ìparí èrò: ìgbàgbé ló ń mú bàbá mi. Ó bára mu, àbí? Ẹni tó ń fura sí òkú. Mo ra oògùn ìrántí fún wọn, èyí tó tóbi bí hóró ẹ̀pà, mo ní kí wọ́n máa lo ọ̀kan láràárọ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún mi. Mo máa ń fóònù wọn láti béèrè bóyá wọ́n ti lò ó. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àkókò yẹn gan-an ni oúnjẹ inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á jẹun, á nu ẹnu, á dìde. Báyìí, bàbá mi á ní ó fa ọbẹ̀ súnmọ́ra. Wọ́n á ní ọbẹ̀ náà ń hó díẹ̀díẹ̀ létí, epo léfòó. Ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e sẹ́nu, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó gbóná dé àyà. Ó wá gé wàrà, ó gé e ní pélébé, ó fi eyín iwájú tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́ bó ṣe ń han. Mo máa ń wo aago. "Dádì, ẹ jẹ́ ká dé ibi òkú, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí ọkùnrin náà jẹun tán."

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ṣe àyẹ̀wò lóríṣiríṣi, dókítà obìnrin kékeré kan sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mà, láti ìgbà wo ni Dádì ò ti lè gbé oúnjẹ líle mì?" Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, pé a jọ ń jẹun ní gbogbo Sátidé. Ó wò mí. Ó ní nǹkan kan ti hù sí ọ̀nà ọ̀fun wọn, ó ti dí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì lè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó ti tó oṣù mélòó kan. Mo tún ní, "A jọ ń jẹ wàrà." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí tábìlì lójú mi, tí mo ń rí wàrà mẹ́fà níwájú mi àti ọwọ́ bàbá mi lábẹ́ àgbọ̀n wọn.

Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Inú bí mi sí wọn, kí n má purọ́. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an nígbà náà.

"Tí mo bá sọ, Sátidé á di ti dókítà."

"Ẹ jẹ́ kó di ti dókítà nígbà náà!"

Wọ́n mi orí. "O ń borí. Tó o bá borí, o máa ń rẹ́rìn-ín bíi ti ìyá ẹ. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ ni."

Wọn ò lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láyé lẹ́yìn ìyẹn. Bí wọ́n bá ti sọ ní oṣù àkọ́kọ́, dókítà ní bóyá wọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i, ó ní òun ò lè ṣèlérí. Bóyá yẹn ni mo ń gbé kiri. Mo máa ń sùn tì í.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Máìlì 12 láti lọ sọ fún màmá tó ń ta wàrà fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ata ni wọ́n máa ń jókòó sí, àwọ̀n funfun bo abọ́ wàrà wọn. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ Bàbá onírin, o kú ará fẹ́ra kù." Wọ́n wá ní, "Wọ́n gbìyànjú o. Wọ́n jẹ wàrà tó rọ̀ yẹn títí ọ̀fun fi kọ òun náà."

Mo ní, "Màmá, bàbá mi kì í jẹ èyí tó rọ̀."

"Ha. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ńkọ́? Èyí tí mi ò tíì tẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á ní kí n fi ṣíbí fọ́ ọ sínú omi ẹ̀. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń mu ún, lórí àpótí yìí. Tí wọ́n bá mu ún tán, wọ́n á ní kí n wá ṣa mẹ́fà tó le dáadáa fún àwọn, pé ọmọ àwọn ń bọ̀." Wọ́n wo ojú mi. "Mo rò pé o mọ̀ ni."

Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, nínú agolo kan tí wọ́n ń kó bẹ́árìn ọkọ̀ sí, mo bá oògùn ìrántí mi. Gbogbo rẹ̀ pé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni páálí tí wọ́n to àwọn ìwé sí. Mo jókòó sórí táyà wọn, mo sì ṣe ohun tí mi ò ṣe rí: mo ṣí àwọn ìwé tí wọ́n ti kùnà.

Àmì pẹ́ńsùlù wà nínú gbogbo wọn. Nínú ìwé tí wọ́n ti gbé wàrà lé orí òkú, àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ apànìyàn gan-an, ní ojú ìwé kejìdínlógún. Èyí tí wọ́n ti fura sí ọmọ ọdún méje, ojú ìwé ọgbọ̀n. Wọn ò ṣi ọ̀kan ṣoṣo mú. Àní àwọn méjì tí èmi náà kùnà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n sì jókòó síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí n pè wọ́n ní irin tó dípẹtà.

Mo wá ibi oúnjẹ. Mo rántí ọbẹ̀ tó ń hó létí yẹn, mo rántí wàrà tó ń han lábẹ́ eyín, nítorí náà mo ń wá ojú ìwé kan ó kéré tán, tàbí méjì. Gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀. Ìwé ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà jẹun ọ̀sán, ó sì jáde. Mo ṣí òmíràn, bákan náà. Kò sí ọbẹ̀, kò sí epo tó léfòó, kò sí nǹkan tó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Bàbá mi ló se gbogbo rẹ̀ látorí gbólóhùn kan péré tí wọ́n ń kà yẹn, èmi sì ń wo aago. Mo sunkún ní Owódé lọ́jọ́ náà títí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi wá dúró tì mí.

Ìwé kan ṣoṣo ló ṣì ní róbà lára. Òun là ń kà lọ́wọ́ kí wọ́n tó ṣubú. Mo gbé e wá sí Kétu ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo ra mẹ́fà tó le lọ́wọ́ màmá oníwàrà, mo dín in pẹ̀lú iyọ̀ àti ata. Mo kọ orúkọ àwọn afurasí, mo tò wọ́n. Aya olóògbé ni mo fura sí, mo gbé mẹ́ta lé e. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá àmì wọn, mo rí i ní ojú ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àbúrò olóògbé, níbi tó ti ní òun ò jẹ oúnjẹ alẹ́, pé ebi ò pa òun. Mo gbé mẹ́ta tiwọn lé e. Mo tú róbà. Mo ka orí ìkẹyìn sókè, mo sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ṣe lè sọ ọ́ mọ, mo sì ń kọsẹ̀.

Àbúrò náà ni.

Mo kó wàrà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, níwájú àga wọn. Mo káwọ́ gbera bí òfin ṣe wí. Nígbà tó pẹ́, tó ti tutù, mo rò ó pé bàbá mi náà ò ní fẹ́ kó ṣòfò, mo sì mú ẹyọ kan, mo fi sẹ́nu. Ó han lábẹ́ eyín bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Mo jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, mi ò lè gbé e mì.